Ìfẹ́ àti Àìní: Ohun tí Àwọn Amòye Ilẹ̀ Gíríìkì Àtijọ́ Rí nínú Ọ̀ràn Ìfẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a yàn lálẹ́ òní jẹ́ ọ̀rọ̀ tí tọmọdé tàgbà ti sọ títí tí ó fi dà bí ẹni pé kò sí ohun tuntun tí ó kù níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ bí àwọn olórin ti ń kọ ọ́ ni n óò sọ. Ìbéèrè kan péré ni mo gbé wá, ìbéèrè tí àwọn amòye ilẹ̀ Gíríìkì tú palẹ̀ ní ohun tí ó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn. Ìbéèrè náà nìyí: nígbà tí ẹnì kan bá wí fún ẹnì kejì pé, "Mo fẹ́ ọ," ta ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀? Ṣé iyì ẹni tí ó fẹ́ ni ó ń ròyìn ni, tàbí àìní ti ara rẹ̀ ni ó ń jẹ́wọ́?

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ibi ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, "fẹ́" ni a fi ń bèèrè omi, òun náà ni a sì fi ń wá ìyàwó. "Mo fẹ́ omi" àti "Mo fẹ́ Àdùkẹ́" kò yàtọ̀ síra ní ìhun. Nínú méjèèjì, ohun tí kò tíì sí lọ́wọ́ ni a ń nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ ìyá ẹni. Kò sí ẹni tí yóò wí pé, "Mo fẹ́ ìyá mi," àfi ọmọ kékeré tí ń sunkún nítorí pé ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí. "Mo fẹ́ràn ìyá mi" ni àgbàlagbà yóò wí. Ìyá ti wà níbẹ̀, a kò wá a kiri, síbẹ̀ ìfẹ́ rẹ̀ kò dín kù lọ́kàn wa. Èdè wa mọ̀, nígbà náà, pé ìfẹ́ kan wà tí í ṣe ìnawọ́, ìfẹ́ mìíràn sì wà tí í ṣe ìfaramọ́.

Èdè Gíríìkì àtijọ́ mọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pa ààlà sí i. Epithumia ni wọ́n ń pe ìfẹ́ ara sí nǹkan, bí oúnjẹ, bí ọtí, bí ìbálòpọ̀. Eros ni ìfẹ́ gbígbóná tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, tí í mú un wá ẹnì kan kiri bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Philia ni ìfẹ́ tí ó wà láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, òbí sí ọmọ, ará ìlú sí ará ìlú. Wọ́n a sì máa ka Eros sí òrìṣà pẹ̀lú. Hesiod akéwì fi í sí ara àwọn tí ó kọ́kọ́ yọ nígbà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, Empedocles kọ́ni pé iná, afẹ́fẹ́, omi àti ilẹ̀ ni gbòǹgbò ohun gbogbo, Ìfẹ́ ni agbára tí ń so wọ́n pọ̀, Ìjà sì ni agbára tí ń tú wọn ká. Ẹ rí i pé ọ̀ràn ìfẹ́ kì í ṣe ọ̀ràn inú yàrá lásán lójú wọn. Ọ̀ràn bí ayé ti ṣe dúró ni.

Ìwé tí a ti tú ọ̀rọ̀ yìí wò jù lọ ni Symposium tí Plato kọ. Plato yìí ni ọmọ Athens tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní Academy sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 387 ṣáájú ìbí Kristi. Ìtumọ̀ orúkọ ìwé náà ni "àjọmu", nítorí pé níbi àsè ọtí ni ọ̀rọ̀ ti wáyé. Ọdún 416 ni Plato fi àsè náà sí. Agathon, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ eré oníbànújẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ nínú ìdíje, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wá bá a yọ̀. Ọtí àná kò tíì dá lójú wọn. Wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò níí mu àmupara lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí obìnrin tí ń fọn fèrè máa lọ, wọ́n sì pinnu pé kí olúkúlùkù fi ọ̀rọ̀ ẹnu yin Eros. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n ti lé obìnrin jáde. A óò padà sí i.

Nínú àwọn tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú Socrates, Aristophanes tí ń kọ eré apanilẹ́rìn-ín ni a kò jẹ́ gbàgbé. Ó ní ní àtètèkọ́ṣe ènìyàn kò rí báyìí. Roboto ni, ó ní ọwọ́ mẹ́rin, ẹsẹ̀ mẹ́rin, àti ojú méjì lórí ọrùn kan ṣoṣo. Àwọn kan jẹ́ akọ méjì, àwọn kan jẹ́ abo méjì, àwọn kan sì jẹ́ akọ pẹ̀lú abo. Agbára wá ń gùn wọ́n, wọ́n fẹ́ gòkè lọ bá àwọn òrìṣà jà, ni Zeus, olórí àwọn òrìṣà, bá là wọ́n sí méjì bí ẹni fi irun la ẹyin sísè. Láti ìgbà náà ni ìdajì kọ̀ọ̀kan ti ń wá ìdajì rẹ̀ kiri, ìwákiri yìí ni a sì ń pè ní ìfẹ́. Ìtàn yìí pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní oró nínú. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí, ẹni tí mo fẹ́ kò ṣeé fi ẹlòmíràn rọ́pò, nítorí pé òun nìkan ni ìdajì mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kókó yìí sọ́kàn.

Nígbà tí ó kan Socrates, kò yin ìfẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi Agathon, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ǹjẹ́ ìfẹ́ ní ohun tí ó ń fẹ́? Agathon ní ó ní in. Ǹjẹ́ ohun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ń fẹ́ ẹ? Agathon ní ó jọ bí ẹni pé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Socrates ní ọ̀ràn "ó jọ" kọ́, dandan ni. Ẹni tí ó ga kì í wá gíga kiri. Bí olówó bá wí pé òun fẹ́ owó, ohun tí ó ń wí ni pé kí owó tí òun ní lónìí má ṣe tán lọ́la. Ọ̀la gan-an ni kò sì tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ìfẹ́ bá ń wá ẹwà àti ire, a jẹ́ pé ìfẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní ẹwà, kò sì ní ire. Láàárín gbólóhùn díẹ̀, òrìṣà tí gbogbo wọn ti ń yìn bọ̀ di aláìní.

Socrates ní òun kọ́ ni òun dá èyí rò. Obìnrin kan ni ó kọ́ òun, Diotima ará Mantinea. Ẹ̀yin ará, obìnrin tí wọ́n lé gba ẹnu ọ̀nà jáde ti gba ojú fèrèsé wọlé padà! Lóòótọ́, ẹnu ọkùnrin ni a ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Síbẹ̀ òun ni olùkọ́, Socrates sì ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba ìbáwí.

Diotima ní lọ́jọ́ tí a bí Aphrodite, àwọn òrìṣà ṣe àsè. Poros, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ọ̀nà àti ọgbọ́n àtirí-nǹkan, mu ọtí àwọn òrìṣà yó, ó sì sùn lọ nínú ọgbà Zeus. Penia, èyí tí í ṣe Òṣì, wá ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí Poros, ó sùn tì í, ó sì lóyún Eros. Ìdí nìyí tí Eros fi jọ ìyá tí ó sì jọ bàbá. Gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀, kò ní bàtà, kò ní ilé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni ó ń sùn. Gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀, ó láyà, ó ní ète, ọdẹ paraku ni. Ohun tí ó bá rí kó jọ a tún máa jò dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe òrìṣà, kì í sì í ṣe ènìyàn. Òjíṣẹ́ ni láàárín méjèèjì. Bákan náà, kì í ṣe ọlọ́gbọ́n, kì í sì í ṣe òpè. Ọlọ́gbọ́n kò wá ọgbọ́n, ó ti ní in. Òpè pẹ̀lú kò wá a, nítorí pé kò mọ̀ pé òun kò ní in. Ẹni tí ó wà láàárín, tí ó mọ̀ pé nǹkan kù díẹ̀ káàtó fún òun, ni ń wá ìmọ̀. Philosophia ni àwọn Gíríìkì ń pe ìwákiri náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìfẹ́ ọgbọ́n. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yín gan-an ni obìnrin yìí ń sọ.

Ó tẹ̀ síwájú pé ohun tí ìfẹ́ ń lépa ni kí ire jẹ́ tiwa títí láé. Ṣùgbọ́n ẹni kíkú ni wá, ọ̀nà kan tí ó sì ṣí sílẹ̀ fún wa ni ìbímọ. Àwọn kan ń bí ọmọ nípa ti ara. Àwọn mìíràn lóyún nínú ọkàn, wọ́n sì bí ewì, bí Homer àti Hesiod, tàbí kí wọ́n bí òfin, bí Solon. Lẹ́yìn èyí ni ó gbé àkàbà kan kalẹ̀. Ọ̀dọ́ a kọ́kọ́ fẹ́ ẹwà ara ẹnì kan. Bí ó pẹ́, yóò rí i pé ẹwà ara kan bá ti òmíràn tan, yóò sì fẹ́ ẹwà níbikíbi tí ó bá wà lára ènìyàn. Láti ibẹ̀ yóò mọ̀ pé ẹwà ọkàn níyì ju ti ara lọ; láti ẹwà ọkàn yóò dé ẹwà ìṣe àti òfin; láti òfin yóò dé ẹwà ìmọ̀; títí yóò fi rí Ẹwà fúnra rẹ̀, èyí tí kì í ṣá, tí kì í gbó, tí kò sinmi lé ojú tàbí ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá gun àkàbà dókè, kí ni ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pá àkọ́kọ́ tí ó fẹsẹ̀ tẹ̀? Ẹni tí a kọ́kọ́ fẹ́, tí a tipasẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìrìn, níbo ni a fi í sí? Gregory Vlastos, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ òde òní tí ó mọ Plato dunjú, kọ àròkọ kan tí ó jáde ní 1973, níbi tí ó ti sọ pé ohun tí Plato ní kí á fẹ́ ni àwọn ànímọ́ rere tí ó wà lára ènìyàn, kì í ṣe ènìyàn náà ní odindi rẹ̀. Àríwísí tí ó wúwo ni. Bí ó bá jẹ́ ẹwà rẹ nìkan ni mo fẹ́, ẹni tí ẹwà rẹ̀ bá ju tìrẹ lọ yóò gba ipò rẹ lọ́la. Ìdajì tí Aristophanes ń wá kò ṣeé rọ́pò. Arẹwà orí àkàbà Diotima ṣeé rọ́pò.

Èmi gbà pé Plato fúnra rẹ̀ mọ ìṣòro yìí, ohun tí ó sì mú mi gbà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ó gbà parí ìwé náà. Bí Socrates ti dákẹ́ ni ìlẹ̀kùn òde bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbà-gbà-gbà. Alcibiades ni, ọ̀dọ́ olókìkí tí gbogbo Athens ń wo ẹwà rẹ̀. Ó ti mutí yó, adé ewé àti òdòdó sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí òun náà yin Eros. Ó kọ̀, ó ní Socrates ni òun yóò yìn. Gbogbo àwọn tí ó ṣáájú sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́. Òun sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fẹ́.

Ó ní Socrates dà bí ère Silenus tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń tà: lóde, kò dára ní wíwò, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí i, ère àwọn òrìṣà ni a óò bá nínú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà bu òun ṣán lọ́kàn bí paramọ́lẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti gbìyànjú láti fi ara òun ra ọgbọ́n rẹ̀. Ó pè é wá jẹun, ó dá a dúró di òru, ó sì sùn tì í lábẹ́ aṣọ kan náà. Socrates kò fọwọ́ kan nǹkan. Ó wí fún un pé pàṣípààrọ̀ tí ó ń wá kò dọ́gba, pé idẹ ni ó fẹ́ fi gba wúrà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alcibiades dìde bí ẹni tí ó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ó yẹ kí á mọ̀ pé láàárín àwọn ọlọ́lá Athens nígbà náà, àṣà kan wà pé kí àgbàlagbà ọkùnrin máa fẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, kí ó máa fi ìwà àti ọgbọ́n kọ́ ọ, kí ọ̀dọ́ náà sì fi ara rẹ̀ san oore. Pausanias tilẹ̀ gbèjà àṣà náà níbi àsè. Lójú tiwa lónìí, àgbà tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọdé ìkà ni, òfin sì dè é. Ohun tí Plato fi hàn wá ni olùkọ́ kan tí ó wà láàárín àṣà yẹn, tí a gbé owó oṣù rẹ̀ wá bá a lórí ibùsùn, tí kò gbà á.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ tí ebi ìmọ̀ ń pa lè máa wo ẹni tí ń bọ́ ọ bí ẹni pé òun gan-an ni oúnjẹ náà. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá nawọ́ gba ohun tí ọmọ náà nà sí i, tàbí, èyí tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá fi máàkì bèèrè rẹ̀, ó ti ja ọmọ náà lólè lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba ara rẹ̀, ó sì dúró dí ojú ọ̀nà tí ọmọ náà fẹ́ gbà lọ síbi ìmọ̀. A kò lè díbọ́n pé àrùn yìí kò sí nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Socrates kò fi Alcibiades ṣe ìjẹ, ó dára. Ǹjẹ́ ó gbà á là bí? Plato àti àwọn tí ó kọ́kọ́ ka ìwé rẹ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ ti parí. Ní 415, ọdún kan lẹ́yìn àsè yìí, Alcibiades wà lára àwọn tí ó ti Athens sínú ogun Sicily. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó fi ohun awo ṣe yẹ̀yẹ́, ni ó bá sá lọ bá àwọn ará Sparta, ọ̀tá ìlú rẹ̀. Ní 404, wọ́n pa á ní Phrygia. Ní 399, àwọn ará Athens dá ẹjọ́ ikú fún Socrates, ẹ̀sùn pé ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀. Lálẹ́ àsè náà, Plato jẹ́ kí Alcibiades jẹ́wọ́ pé bí òun bá wà níwájú Socrates, ojú ara òun a máa ti òun, ṣùgbọ́n bí òun bá ti yẹra fún un, ìyìn ọ̀pọ̀ ènìyàn a tún gbé òun lọ. Ọmọ tí a fi òkè àkàbà hàn, tí kò lè dá gùn ún, ni ó ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Ọ̀dọ̀ Aristotle ni mo ti rí ohun tí ó kù. Akẹ́kọ̀ọ́ Plato ni. 20 ọdún ni ó lò ní Academy. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwà, tí a ń pè ní Nicomachean Ethics, apá kẹjọ àti ìkẹsàn-án dá lórí philia. Ó ní oríṣi mẹ́ta ni. Èkíní ni ti èrè: mo fẹ́ ọ nítorí ohun tí mo ń rí gbà lọ́wọ́ rẹ. Èkejì ni ti adùn: mo fẹ́ ọ nítorí pé inú mi ń dùn lọ́dọ̀ rẹ. Bí èrè tán, bí adùn tán, àwọn méjèèjì tán nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni ti ìwà rere, níbi tí mo ti fẹ́ ire fún ọ nítorí tìrẹ. Ó ní kò sí ẹni tí ń fẹ́ ire fún ọtí. Bí ó pọ̀ tó, ó lè fẹ́ kí ọtí náà má bàjẹ́ kí òun lè rí i mu. Ó ní irú ọ̀rẹ́ kẹta yìí ṣọ̀wọ́n, ó ń fẹ́ àkókò, nítorí pé ẹni méjì kò lè mọ ara wọn àfi bí wọ́n bá ti jọ jẹ iyọ̀ púpọ̀ pọ̀. Aristotle náà ní àbùkù tirẹ̀. Ó ka ẹrú sí irinṣẹ́ tí ó ní ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ó mú nígbà tí ó fẹ́ fi hàn pé inú fífẹ́ ni ìfẹ́ wà ju inú kí a fẹ́ni lọ, ìyá ni. Ó ní àwọn ìyá kan ń gbé ọmọ fún alágbàtọ́. Ọmọ náà kò mọ̀ wọ́n, kò sì lè san ohunkóhun padà, síbẹ̀ bí wọ́n bá ti rí i pé ó ń ṣe dáradára, ó tó wọn.

Ẹ rí i pé a ti padà sọ́dọ̀ ìyá tí a fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tí a fẹ́ràn láìwá a kiri. Ìdáhùn tèmi sí ìbéèrè alẹ́ yìí ni pé "Mo fẹ́ ọ" a máa bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjẹ́wọ́ àìní, kò sì sí ìtìjú nínú èyí. Diotima jàre: bí kò bá sí ebi yẹn, kò sí ọmọ tí yóò wá sílé ìwé. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó bá jẹ́ ebi títí lọ, jíjẹ ni yóò jẹ ẹni tí ó fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dàgbà di philia, kí ó lè rí ẹnì kejì gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan, kí ó sì wá ire rẹ̀ nítorí tirẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fi àkàbà han ọmọ, kí ó bá a di ìdí rẹ̀ mú. Kí ó má ṣe gun ọmọ náà dípò àkàbà, kí ó má sì ṣe gòkè lọ kí ó fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Olóòtú, ibi tí mo dé nìyí. Mo fẹ́ kí àwọn akẹgbẹ́ mi gba ọ̀rọ̀ náà láti ibẹ̀: bí Socrates bá ti fẹ́ràn Alcibiades bí Aristotle ti là á kalẹ̀, ǹjẹ́ ìtàn ọmọ náà ìbá yàtọ̀ bí?